Ajíṣefínní, Ta Ló Gba Àwo Lọ́wọ́ Yín? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Mi Kékeré ní Kado

Ọkọ mi Ajíṣefínní,

Mo kí yín, mo kí ilé, mo kí ẹ̀kọ mímu tó wà níwájú yín. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń kí yín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lórí fóònù lẹ kà, mo rí àmì búlúù rẹ̀, ẹ ò sì fèsì sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ìwé ìròyìn Yorùbá bá fi lè wọ Abuja, ẹ máa kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, títí kan ìkéde òkú. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín níbí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn yín, ẹ fẹjọ́ mi sun ẹ̀gbọ́n yín. Òun ló ra ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ò mọ̀ wá: kíláàsì kejì ní girama ni ọkùnrin yìí wà nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ìdílé wọn. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà. Ẹnu mi ò gbọdọ̀ gbé orúkọ rẹ̀. Nítorí pé á kọ́kọ́ lọ aṣọ iléèwé rẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ ní Ajíṣefínní. Lónìí, ọ̀gá ni ní Sẹkitéríàtì Àpapọ̀, Kado Estate ló ń gbé, ó sì ṣì ń lọ aṣọ ní àràárọ̀. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé kì í jẹun lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ajíṣefínní, ẹ jẹ́ ká ka àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣèjọba lórí ikùn yín. Màmá wa ni alága: wọ́n ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n gba ṣúgà, wọ́n gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lé e. Ọ̀rẹ́ yín níbi iṣẹ́ ní mílíìkì ló ń dà yín nínú rú. Bí fúrà àti nónò tí ẹ máa ń mu lọ́sàn-án Jímọ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ìyá alágbo tó ń jókòó lẹ́bàá páàkì Jabi ní kí ẹ jìnnà sí ẹ̀wà àti ẹran. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kì í wọ ẹ̀wù lórí YouTube ní gbogbo ohun tó bá ní sítáàṣì ló ń bọ́ àìsàn: iṣu lọ, ìrẹsì lọ, àmàlà lọ, búrẹ́dì lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tún gbà yín níyànjú pé kí ẹ gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí ìfun lè “sinmi”. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fi máa túká, ohun tó kù lórí tábìlì ni ẹ̀kọ, omi, àti bisikíìtì Digestive, nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ti oògùn létí yín. Ẹ ò jẹ búrẹ́dì, ẹ ń jẹ bisikíìtì. Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n bi yín, nínú àwọn méjèèjì, èwo ni wọn ò fi ìyẹ̀fun ṣe?

Ní ti dókítà yín, ó kọ ìwé pé kí ẹ lọ rí dáyétíṣàn, onímọ̀ tó ń fi oúnjẹ tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn. Ẹ ká ìwé náà sí mẹ́rin, ẹ tì í bọ píjìnhóòlù ọkọ̀. Mo bèèrè ìdí, ẹ ní, “Ìyàwó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n á kàn ní kí n má jẹ ata mọ́ ni.”

Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹnu kan ata láti ọdún tó kọjá! Kí ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín tí wọ́n fẹ́ gbà? Nínú gbogbo àwọn tó ti dá sí ọ̀rọ̀ ikùn yín, dáyétíṣàn nìkan ni kò tíì fòfin de nǹkan kan, òun nìkan lẹ sì ń sá fún. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti dá oúnjẹ tí ìgbìmọ̀ gbà padà fún yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú lẹ́tà yìí nìyẹn, ìyókù kàn jẹ́ àlàyé ni, pẹ̀lú èébú díẹ̀.

Àìsàn Crohn lẹ ní. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀, àmọ́ orúkọ èèyàn pàtàkì ni: Burrill Crohn, dókítà ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, tí òun àti Leon Ginzburg pẹ̀lú Gordon Oppenheimer jọ kọ nípa rẹ̀ ní 1932. Oníṣẹ́ abẹ ará Poland kan, Antoni Leśniowski, ti ṣàpèjúwe ohun tó jọ ọ́ ní 1904. Àìsàn Crohn àti ìkejì rẹ̀, ulcerative colitis, ni wọ́n ń pè pọ̀ ní IBD. Nínú méjèèjì, àwọn ọmọ ogun ara ló ń dojú ìjà kọ ìfun, ìfun á wú, á pọ́n, á dá egbò. Ìfun ńlá nìkan ni colitis máa ń gbé. Crohn lè yọjú níbikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, àmọ́ ìparí ìfun kékeré ló wù ú jù, níbi tí tiyín wà gan-an. Kì í ràn. Ẹ ò sì fi ọwọ́ ara yín fà á.

Bí ẹ bá rò pé ẹ̀yin nìkan ni: wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ Crohn fún Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní June 1956, ó sì tún wọlé ìbò ní November ọdún kan náà. Ìkejì rẹ̀, colitis, ló mú kí Shinzo Abe fi ipò olórí ìjọba Japan sílẹ̀ ní 2007 àti ní 2020. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń pe Manchester United ní “wa”, ṣé ẹ ti gbàgbé Darren Fletcher ni? Ní December 2011 ni wọ́n kéde pé colitis ò jẹ́ kó lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 2013, ó sì ti padà sórí pápá kí ọdún yẹn tó parí. Èmi tí n kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ́fúsáìdì ló ń sọ ìtàn bọ́ọ̀lù fún yín báyìí.

Lọ́dọ̀ tiwa, ó pẹ́ kí wọ́n tó dá àìsàn yìí mọ̀ lára yín. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dì ni, wọ́n fa omi sí yín lára. Wọ́n ní ó tún padà dé, wọ́n tún fà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ikọ́ fée tó wọnú ìfun ni, ẹ sì gbé oògùn rẹ̀ mì fún oṣù púpọ̀. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan, torí pé àwọn méjèèjì jọra lóòótọ́: ikọ́ fée inú ìfun àti Crohn lè ṣi ògbóǹtarìgì lọ́nà, kódà lábẹ́ awò. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn òyìnbó ni wọ́n kọ́ àwọn dókítà wa pé ó jẹ́. Ní 2011, àwọn oníṣẹ́ abẹ Zaria gbé ìwé jáde tí àkọlé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bèèrè bóyá ó ṣì ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ Nàìjíríà. Ní 2012, àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù, Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn, kó àwọn aláìsàn tí wọ́n rí jọ, wọ́n sì kọ nípa wọn. Kò pọ̀ tó ti ìlú òyìnbó. Àmọ́ ohun tí wọn ò fi kámẹ́rà wá nínú ìfun, wọn ò lè rí i níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fọ̀wọ̀ sọ ti Màmá, nítorí wọ́n á ní kí wọ́n ka lẹ́tà yìí fún àwọn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò fi jẹ̀díjẹ̀dí dẹ́rù bà nígbà tó ń jí ṣúgà lá. Ìdí yíyọ, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ̀yìn ríro, àárẹ̀ ọkùnrin, gbogbo rẹ̀ la ń kó sórí rẹ̀, àgbo kan náà la sì fi ń wò ó. Púpọ̀ nínú àgbo jẹ̀dí ló máa ń mú ìgbẹ́ wá. Ẹni tó ń lọ sí ilé ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́, kí lẹ tún fẹ́ kó yà? Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Ṣúgà ò dá egbò sí ọmọ yín nínú. Àti ẹ̀yin Ajíṣefínní, ibuprofen tí ẹ ń gbé mì fún ẹ̀yìn ríro ṣeé ṣe kó dá wàhálà ìfun yín sílẹ̀ ju ṣúgà inú tíì lọ; ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń múnú bí mi ní Abuja yín níbẹ̀: ẹni tó bá rù ni wọ́n ń kí kú oríire. Wọ́n ní ẹ “fit”, wọ́n bi yín pé jíìmù wo lẹ ń lọ, ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ máa ń sáré yí adágún odò Jabi ká láàárọ̀. Sáré kẹ̀! Ìyàwó mi, aya yín, sọ fún mi pé bẹ́líìtì yín ti dé ihò tí ẹ fi ìṣó lu fúnra yín. Nínú àìsàn yìí, rírù kì í ṣe ẹwà. Ìfun tó ń ṣàìsàn ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ, ìgbóná ara ń jẹ iṣan, ìnira kì í sì í jẹ́ kéèyàn fẹ́ jẹun. Nígbà tí ẹni náà bá wá fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ oúnjẹ, kí ló kù tí ara á fi jà? Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ lọ́la, ẹni tó ti rù kọjá ààlà ni egbò rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jinná.

Dáyétíṣàn ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ má jẹ”. Á bi yín pé kí lẹ jẹ lánàá, kí lẹ jẹ níjẹta, ta ló sè é, mélòó lẹ wọ̀n ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Á gbé yín sórí òṣùwọ̀n, á wo apá yín, á ní kí ẹ di nǹkan mú kó mọ bí agbára ṣe kù tó. Lẹ́yìn náà ló máa gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni òun àti ìgbìmọ̀ yín ti yàtọ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ìparí ìfun kékeré, níbi tí egbò yín wà, ni ara ti máa ń gba fítámì B12. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, tàbí tí wọ́n bá gé púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹ lè máa jẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹja láti àárọ̀ dalẹ́, kó má wọlé. Abẹ́rẹ́ ló máa ń yanjú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń ta yín wínrinwínrin tí ẹ ní ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì ló fà á, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti yẹ B12 yín wò? Ẹ gbọ́ òmíràn. Oògùn prednisolone tí ẹ lò fún oṣù pípẹ́ máa ń jẹ eegun. Ẹni tó bá ń lò ó nílò kálísíọ̀mù àti fítámì D. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ yín gba mílíìkì àti nónò. Kò mọ oògùn tí ẹ ń lò, kò sì bèèrè. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé mílíìkì ń dà yín nínú rú, bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, àmọ́ dáyétíṣàn á sọ fún yín pé wàrà tó ti kan ti dín ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ yẹn kù, pé ó ṣeé ṣe kí nónò ṣì bá yín lára mu níbi tí mílíìkì tútù ti kọ̀, pé ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun-teegun ní kálísíọ̀mù. Ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ yín, ó yẹ kó mọ ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ gan-an, torí ibẹ̀ ló dùn.

Àìsàn yìí ní ìgbà tó máa ń ru àti ìgbà tó máa ń sùn. Ohun tó bá ìgbà rírú mu, kò pọn dandan kéèyàn máa jẹ ẹ́ títí ayé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ìyẹn: wọ́n pa ẹ̀wà tì lọ́jọ́ tí inú ń run wọ́n, inú fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò padà sídìí ẹ̀wà mọ́ láé. Tiyín tún ní ìkẹta, torí wọ́n ti rí i pé ìfun yín fún níbì kan. Níbi tí ìfun bá ti fún, ohun tó bá ní okùn, èèpo tàbí kóro líle lè há síbẹ̀: àgbàdo, gúgúrú, àgbọn, ẹ̀pà, ọ̀fíọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri Abuja, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ọsàn, ẹran tó le bí awọ bàtà. Bí ó bá há, iṣẹ́ abẹ lè dé. Ìyẹn ni ìkìlọ̀ tó yẹ kí ẹ gbọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó sọ ọ́. Wọ́n gba iṣu tí kò ṣẹ̀, ẹnì kankan ò sì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀pà.

Àmọ́ ẹ wò ó bí ìdáná wa ṣe rọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́rùn. Wọ́n ní ẹ má jẹ ẹ̀wà. Ṣé gbẹ̀gìrì ni wọ́n ní lọ́kàn? Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sè títí ó fi yọ́, tí wọ́n tún gba inú ajọ̀ kọjá, ewu wo ló kù lára rẹ̀? Mọ́ínmọ́ín náà, bíbó ni wọ́n ń bó ẹ̀wà rẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Tòmátì ṣeé bó, ó ṣeé yọ kóro rẹ̀. Ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já dáadáa ò jọ ẹ̀fọ́ tó le. Iṣu sísè tí wọ́n tẹ̀, ìrẹsì funfun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, ẹyin. Àmàlà tí ọkùnrin YouTube gbà lọ́wọ́ yín, kò tíì rí i rí láyé rẹ̀.

Ata ńkọ́? Ata kì í fa Crohn. Lásìkò tí àìsàn bá ru, ó lè ta yín nínú kó sì ta yín nídìí, ẹ dín in kù nígbà náà. Bí ó bá ti sùn, ẹlòmíràn á jẹ díẹ̀, kò sí nǹkan kan tó máa ṣe é. Ẹlòmíràn ò ní lè jẹ ẹ́. Dídán an wò la fi ń mọ̀. Dáyétíṣàn á máa dá oúnjẹ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí oníná ṣe ń tan bọ́tìnnì kan lẹ́yìn òmíràn láti mọ èyí tó ń jó fíúùsì. Ẹ̀yin pa gbogbo iná ilé, ẹ jókòó sínú òkùnkùn, ẹ ní ẹ ti rí ojútùú.

Níbo lẹ tún jókòó sí? Ní Kado! Ẹni tó ń gbé Gwarinpa, Utako tàbí Life Camp á gbé mọ́tò wá sí ọjà ẹja yín, á yan àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú omi, wọ́n á pa á, wọ́n á gé e, wọ́n á ṣàn án. Ẹ̀yin ń fẹsẹ̀ rìn kọjá níbẹ̀, ẹ ń di imú. Ẹja ò ní okùn kankan nínú, ó rọ̀, ó ní púrótéènì tí iṣan yín ń sunkún rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ jókòó ti ẹja yíyan tí wọ́n da ata lé títí ó fi pupa bí iná. Ẹ ní kí wọ́n ge àrọ̀ tàbí epìà fún yín, kí aya yín sè é ní ọbẹ̀ fẹ́rẹ́, kó yọ eegun rẹ̀. N kò sọ pé ẹja ń wo àìsàn yìí o. Wọ́n ti dán òróró ẹja wò nínú ìwádìí ńlá méjì tí wọ́n pè ní EPIC, èsì rẹ̀ jáde ní 2008, kò sì lè dá Crohn dúró kó má padà. Oúnjẹ ni mo pè é. Ẹ jẹ ẹ́ bí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà yín kù. Oúnjẹ tí kò fàyè gba sítáàṣì tó ń polówó kì í ṣe tuntun, àwọn onímọ̀ sì ti gbé e sórí òṣùwọ̀n. Nínú ìwádìí DINE-CD tí wọ́n gbé jáde ní 2021, wọ́n pín àwọn tó ní Crohn sí méjì: apá kan jẹ oúnjẹ oníkànńpá yẹn, apá kejì jẹ bí àwọn ará etí Òkun Mẹditaréníà ṣe ń jẹun, ẹ̀fọ́, èso, ẹja, òróró ólífì, oúnjẹ tó ní sítáàṣì náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn tí ara wọn yá ní apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ẹni tó ń jìyà àti ẹni tó ń jẹun bá jọ dé ibì kan náà, kí lẹ ń jìyà fún? ESPEN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ nínú ìtọ́jú ní Yúróòpù, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kò sí oúnjẹ kan pàtó tí a lè là sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ní IBD láti fi dá ìlera wọn padà, pé kí wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù rí dáyétíṣàn. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan tó yẹ kéèyàn dín kù, ẹ wo ọ̀nà ilé iṣẹ́ oúnjẹ: ìwádìí kan tí BMJ gbé jáde ní 2021, tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 116,087 ní orílẹ̀-èdè 21, rí i pé àwọn tó ń jẹ oúnjẹ alápò àti alágolo jù ni IBD pọ̀ láàárín wọn. Kò fi hàn pé òun ló fà á. Ṣùgbọ́n Digestive yín ń gbọ́ mi.

Ibì kan wà tí oúnjẹ ti ń ṣe iṣẹ́ oògùn gan-an. Fún ọmọdé tó ní Crohn, ìtọ́jú àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni oúnjẹ olómi tí wọ́n pò pé pérépéré, tí ọmọ náà máa mu nìkan, láìfi nǹkan mìíràn kún un, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Púpọ̀ nínú wọn ló ń sàn fún láìlo prednisolone. Dáyétíṣàn ló ń ṣírò iye tó máa mu, òun ló ń dá oúnjẹ líle padà fún un díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá ṣe nílé, pàápàá ẹni tó ti febi pa ara rẹ̀ pẹ́: oúnjẹ tó bá já lù ú lójijì lè da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rú débi tí ọkàn á fi ṣíwọ́. Àgbàlagbà bíi tiyín, oògùn dókítà ṣì ni òpó. Dáyétíṣàn tó bá ní kí ẹ sọ oògùn nù, ẹ sá fún un.

Mo ti bú yín tó, ẹ jẹ́ kí n bú àwọn náà. Mo ti rí ìwé tí dáyétíṣàn kan fún ẹlòmíràn: oats, broccoli, ápù, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn ní ọjà Kado lówó tí akọ̀wé kékeré lè san. Ẹni tó bá ń kọ oúnjẹ fún Yorùbá tí kò mọ àmàlà láfún yàtọ̀ sí àmàlà iṣu, kó padà sílé ẹ̀kọ́. Àwọn dókítà náà kì í rántí dáyétíṣàn àfi ìgbà tí aláìsàn bá ti di egungun. Bẹ́ẹ̀, nínú wọ́ọ̀dù, àwọn aráàlú rò pé òun ni alásè. Yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, Ìbàdàn wa níbí ti ń kọ́ni nípa oúnjẹ láti àwọn ọdún 1960, wọ́n sì tún máa ń fi ọdún kan kọ́ ọ nínú ilé ìwòsàn lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ọmọbìnrin tó ń ta tíì tí wọ́n ní ó ń sọ ikùn di pẹlẹbẹ lórí Instagram ni mo ní lọ́kàn o. Ilé ìwòsàn ìjọba bíi National Hospital àti èyí tó jẹ́ ti yunifásítì ní Gwagwalada ló yẹ kéèyàn ti wá wọn. Bí ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ rí bá na ìwé tí wọ́n tẹ̀ sí yín láìbèèrè ohun tí ẹ jẹ lánàá, ẹ kí i, ẹ dìde, ẹ bèèrè ẹlòmíràn.

Ajíṣefínní, ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu yín fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, àgbo náà wà níbẹ̀, bisikíìtì náà wà níbẹ̀. Ẹ kó oògùn yín sínú báàgì kan, ẹ kó èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti kámẹ́rà sí i. Ẹ mú aya yín dání, torí òun ló ń dáná; ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nílé, kí ló fẹ́ gbọ́ tó máa lè sọ fún ẹlòmíràn? Kó bi dáyétíṣàn ní B12, kó bi í ní irin inú ẹ̀jẹ̀, kó bi í ní eegun, kó bi í pé ìgbà wo lẹ máa padà wá, torí ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀ ní Abuja ní Ọjọ́bọ̀, á sùn lọ́dọ̀ yín, ìwé dókítà ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa bèèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ mi, ẹ bá a lọ.

Èmi ni,
Ìyàwó yín ní Ìbàdàn